Ewé, Ẹ̀dọ̀ àti Àwọn Tó Ń Tún Èròjà Ewé Ṣe: Ìbéèrè Tí Wọ́n Ń Bi Mí Jù ní Òṣogbo

Mo ń ta oògùn ní Òṣogbo. Wọ́n ń bi mí ní àwọn ìbéèrè wọ̀nyí lórí káńtà, nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ pàápàá, débi pé ó ti rẹ ẹnu mi. Mo kó wọn jọ síbí. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú, èyí tó takókó wà nísàlẹ̀.

Kí lẹ ń pè ní "títún èròjà ewé ṣe"?

Nínú ewé kan ṣoṣo, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èròjà ló lè wà, bóyá ọ̀kan tàbí méjì nínú wọn ló sì ń ṣe iṣẹ́ tí à ń tìtorí rẹ̀ já ewé náà. Àwọn onímọ̀ á yọ èyí sọ́tọ̀, wọ́n á wo bó ṣe rí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á so nǹkan mọ́ ọn lára, tàbí kí wọ́n gé nǹkan kúrò lára rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi nǹkan mìíràn pọ́n ọn bí ẹni pọ́n mọ́ínmọ́ín, kí ó lè dé ibi tí wọ́n rán an.

Ẹ má gbàgbé pé igi kò tìtorí ẹ̀dọ̀ wa ṣe èròjà yìí. Lọ́pọ̀ ìgbà, kí kòkòrò má baà jẹ ewé rẹ̀ ló ṣe kó o sára. Bó bá wá wò wá sàn, oríire ni. Bí kò bá sì wọ ara wa dáadáa, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu.

Ṣé nǹkan òyìnbó nìkan ni?

Rárá o. Májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù. Rírin, dídì sínú àpò fún ọjọ́ díẹ̀, fífún omi rẹ̀ dànù àti yíyan ló ń lé májèlé yẹn lọ kó tó di gààrí. Àwọn ìyá wa ti ń tún èròjà inú igi ṣe kí ẹnikẹ́ni tó dá ilé ìwòsàn kan sílẹ̀ nílùú yìí.

Èyí tí ẹ mọ̀ jù nínú ti ilé oògùn ni oògùn ibà. Láti ara ewé kan ní ilẹ̀ Ṣáínà ni Tu Youyou àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti yọ artemisinin ní 1972, iṣẹ́ yẹn ló sì gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2015. Ṣùgbọ́n artemisinin fúnra rẹ̀ kì í yòrò nínú omi, kì í sì í yòrò tó bó ṣe yẹ nínú òróró. Wọ́n tún un ṣe di artemether, èyí tó wà nínú oògùn ibà oníhóró tí ẹ ń rà lọ́wọ́ mi. Wọ́n tún un ṣe lọ́nà mìíràn, ó di artesunate tí nọ́ọ̀sì ń pò kó tó gún yín lábẹ́rẹ́. Ewé kan náà ni, àtúnṣe ló yàtọ̀.

Kí ni iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ gan-an?

Abẹ́ egungun ìhà ọ̀tún ló wà, ó sì tó nǹkan bíi kílò kan ààbọ̀ lára àgbàlagbà. Ó ń ṣe òróòro, ó ń kó ṣúgà pamọ́, ó ń ṣe èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, ó sì ń tú májèlé ká. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ inú rẹ̀, tààrà láti ìfun ló ti ń bọ̀. Òun ló ń kọ́kọ́ tọ́ ohun tí a bá gbé mì wò.

Ṣé ibà pọ́njú ni àrùn ẹ̀dọ̀?

Àmì ni kí ojú pọ́n, kì í ṣe àrùn kan ṣoṣo. Kòkòrò jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ (hepatitis) lè fà á, ọtí lè fà á, òkúta inú òróòro lè fà á, ibà tó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ náà lè fà á. Ìdí nìyí tí n kì í fi í ta ohunkóhun fún ẹni tí ojú rẹ̀ pọ́n bí atalẹ̀ pupa. Àyẹ̀wò ni mo máa ń ní kó lọ ṣe, bó tilẹ̀ ń bínú sí mi.

Bí gbogbo ohun tí mo bá mu bá ń gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá, kí ló tún kù tí ẹ ń sọ pé oògùn "kò dé ibẹ̀"?

Nínú gbogbo ìbéèrè yìí, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó gba Ọláìyá kọjá kò tíì dé ilé ẹnikẹ́ni ní Òṣogbo. Kí ó tó dé ilé, ó gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀, kó mọ àdúgbò, kí onílé sì ṣílẹ̀kùn fún un.

Ìdènà àkọ́kọ́ wà nínú ìfun. Ọ̀pọ̀ èròjà ewé tó dára fún ẹ̀dọ̀ kì í yòrò nínú omi, ara kò sì lè gba ohun tí kò yòrò. Ẹ̀ ń rí i lára atalẹ̀ pupa: bó bá ta sí aṣọ, omi lásán kì í mú un kúrò. Bó ṣe wọlé ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣe ń bá ìgbẹ́ jáde.

Ìdènà kejì ni ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀. Kò mọ̀ pé òun lẹ fẹ́ ràn lọ́wọ́. Bó ṣe rí èròjà àjèjì, ó máa ń so nǹkan mọ́ ọn kó lè yòrò, a sì tì í sínú òróòro tàbí kó fi ránṣẹ́ sí kíndìnrín kó bá ìtọ̀ jáde. Láàárín wákàtí díẹ̀, ó ti tán. Díẹ̀ tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ á wá fọ́n káàkiri gbogbo ara, nígbà tó jẹ́ pé irú sẹ́ẹ̀lì kan péré nínú ẹ̀dọ̀ ló nílò rẹ̀.

Nígbà náà, ṣebí kí n kàn mu agbo púpọ̀ sí i?

Bí ìfun kò bá gba gíláàsì kan, kò ní gba garawa. Èròjà mìíràn tó wà nínú agbo yẹn tó ń yòrò nínú omi dáadáa ni yóò pọ̀ jù lára yín, ìyẹn sì lè jẹ́ májèlé.

Àwọn igi wo ni iṣẹ́ yìí ti jinlẹ̀ lórí wọn jù?

Ẹ̀gún kan tó ń hù ní etí òkun Mẹditaréníà ló ṣáájú, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní milk thistle. Kì í hù lọ́dọ̀ wa. Silymarin ni orúkọ èròjà inú èso rẹ̀, silibinin sì ni olórí ibẹ̀. Kì í yòrò. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n so èròjà kan tó ń jẹ́ succinate mọ́ ọn lára, ó wá di ohun tí wọ́n lè fà sínú iṣan. Wọ́n ń lò ó ní Yúróòpù fún ẹni tó bá jẹ olú olóró kan tó ń pa ẹ̀dọ̀, Amanita phalloides. Ẹ wò ó dáadáa: succinate yìí kan náà ni wọ́n so mọ́ artemisinin kó tó di artesunate. Ẹ̀tàn kan, igi méjì.

Èkejì ni gbòǹgbò dídùn kan, licorice, tó ní glycyrrhizin nínú. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gún un lábẹ́rẹ́ ní Jàpáánù fún àwọn tí jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ti pẹ́ lára wọn. Lẹ́yìn náà ni curcumin inú atalẹ̀ pupa, àti kolaviron inú orógbó tiwa.

Ọ̀nà wo gan-an ni wọ́n ń gbà tún un ṣe?

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ: ẹ so ohun tó fẹ́ràn omi mọ́ èròjà tó kórìíra omi. Nígbà tó bá wọ ara, ara á gé ohun tí a so mọ́ ọn kúrò, èròjà á sì padà sí bó ṣe wà.

Ọ̀nà kejì ni láti fi ọ̀rá gbé e. Wọ́n á po silibinin mọ́ irú ọ̀rá kan tí wọ́n ń yọ lára ẹ̀wà sóyà, tó jọ ọ̀rá tó wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì wa gan-an. Ìfun á rí i bí ará ilé, á jẹ́ kó wọlé. Irú rẹ̀ wà lọ́jà báyìí nínú kápúsù. Bí ẹ bá ti rí bí ata ṣe ń tú àwọ̀ rẹ̀ sínú epo tí kì í sì í tú u sínú omi, ẹ ti lóye rẹ̀ dé ìdajì.

Ọ̀nà kẹta ni dídì í sínú hóró tí ojú kò lè rí. Ọ̀nà kẹrin, tí èmi ka sí olórí gbogbo wọn, ni kí a lẹ àdírẹ́sì ẹ̀dọ̀ mọ́ ọn lára. Mo dáhùn àwọn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nísàlẹ̀.

Báwo ni oògùn ṣe lè mọ àdírẹ́sì ẹ̀dọ̀?

Ṣúgà ni àdírẹ́sì náà. Ní òpin àwọn ọdún 1960, Gilbert Ashwell àti Anatol Morell ń ṣiṣẹ́ lórí purotéènì kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n gé ìdérí tó bo ẹ̀ka ṣúgà rẹ̀, wọ́n sì fà á sára ehoro. Dípò kó máa yí ká nínú ẹ̀jẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi pòórá. Inú ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ti bá a.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí ìdérí kúrò, irú ṣúgà kan tó ń jẹ́ galactose yọ síta. Lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ jù nínú ẹ̀dọ̀, ọ̀wọ́ ìkọ́ kan wà tó jẹ́ pé ṣúgà yìí àti ìbátan rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní GalNAc ni wọ́n ń dúró dè. Bó bá ti kàn wọ́n, wọ́n á gbá a mú, wọ́n á fà á wọlé pẹ̀lú ohunkóhun tó bá so mọ́ ọn. Ẹ̀yà ara mìíràn kò fi bẹ́ẹ̀ ní irú ìkọ́ yìí.

Kì í ṣe àlá mọ́. Ní 2019, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí givosiran, oògùn àrùn ẹ̀dọ̀ kan tó ṣọ̀wọ́n, tó jẹ́ pé GalNAc ló ń mú un délé. Inclisiran náà wà fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀: lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún ni wọ́n ń gún un. Àwọn oògùn méjèèjì yìí kì í ṣe ti ewé, ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí curcumin àti silibinin ń tọ̀ báyìí. Wọ́n ń lẹ galactose mọ́ wọn, tàbí kí wọ́n fi oje igi tó kún fún galactose dì wọ́n. Àwọn mìíràn ń lo èròjà inú licorice fúnra rẹ̀ bí àdírẹ́sì, nítorí pé òun náà ní ibi tó ń so mọ́ lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀. Ewé kan ń sin ewé kejì délé.

Kí ni nano tí gbogbo ènìyàn ń pariwo?

Ìwọ̀n ni. Bí ẹ bá gé mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni nánòmítà. Àwọn iṣan tín-ín-rín inú ẹ̀dọ̀ dà bí asẹ́: wọ́n ní ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 100 sí 150 nánòmítà, èyí tí iṣan ibòmíràn kì í sábà ní. Hóró tó bá kéré ju ihò náà lọ á kọjá, á kan sẹ́ẹ̀lì. Èyí tó bá tóbi jù, àwọn sẹ́ẹ̀lì Kupffer, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ gbígbá ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀, á gbé e mì.

Ẹni tó bá ń tà yín ní "ọṣẹ nano" tàbí "agbo nano" nínú bọ́ọ̀sì ní Old Garage, ẹ bi í pé nánòmítà mélòó ni hóró rẹ̀, kí ẹ wá wo ojú rẹ̀.

Wọ́n ní kí n máa fi ata dúdú tàbí iyèré sínú atalẹ̀ pupa. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ wà níbẹ̀. Ní 1998, àwọn onímọ̀ ní Íńdíà fún àwọn ènìyàn ní gíráàmù méjì curcumin pẹ̀lú mílígíráàmù 20 piperine, èròjà tó ń mú ata dúdú ta. Èyí tó wọ ẹ̀jẹ̀ lọ sókè ní ìlọ́po 20. Iyèré náà ní piperine nínú.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ń ṣe é. Ó ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ kó má baà ráyè tì í jáde. Ẹ̀dọ̀ tí a bá dí lọ́wọ́ lórí curcumin lè máà ráyè fún oògùn mìíràn tí ẹ ń lò: piperine a máa mú kí phenytoin, oògùn wárápá, pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Bákan náà, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà àti Ítálì ti rí àwọn tí kápúsù atalẹ̀ pupa ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́. Ti inú ọbẹ̀ kò ní wàhálà. Kápúsù líle tí wọ́n ti fi piperine sí ni mo ń sọ.

Orógbó ńkọ́?

Ní 1985 ni Maurice Iwu tẹ iṣẹ́ jáde lórí àwọn èròjà inú orógbó tó ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀. Olatunde Farombi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí kolaviron. Nínú eku, ó ń dín ìpalára tí májèlé ń ṣe fún ẹ̀dọ̀ kù. Mo fi iṣẹ́ wọn yangàn.

Eku ni eku, ènìyàn ni ènìyàn. Kolaviron náà ní ìṣòro àìyòrò, kì í sì í ṣe èyí tí ènìyàn lè jẹ lẹ́nu tán kó tó ìwọ̀n tí wọ́n ń fún eku. Ẹ máa jẹ orógbó yín níbi ìsọmọlórúkọ. Ẹ má fi rọ́pò oògùn.

Ẹ̀yìn olóbe ló wo jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B lára ẹ̀gbọ́n mi. Kí lẹ rí sí i?

Ní 1988, àwọn onímọ̀ kan ní Íńdíà ròyìn nínú Lancet, ìwé ìròyìn àwọn dókítà, pé nínú àwọn 37 tó lo ẹ̀yìn olóbe, àmì kòkòrò náà kúrò lára 22. Nínú àwọn 23 tó lo èyí tí kò ní oògùn nínú, ẹnì kan péré ni. Gbogbo ayé dìde gìrì. Àwọn mìíràn tún un dán wò níbòmíràn, wọn kò rí bẹ́ẹ̀.

Ti ẹ̀gbọ́n yín: ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B ni ara wọn ń lé e lọ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà. Ohunkóhun tó bá ń mu lákòókò náà ló máa gba ọpẹ́, ìbáà ṣe omi ògì.

Oògùn wo ló wà fún un báyìí nígbà náà?

Tenofovir ni wọ́n sábà ń lò. Kì í ṣe ti ewé, ṣùgbọ́n ìtàn àtúnṣe kan náà ni. Tenofovir lásán kì í gba inú ìfun wọlé dáadáa. Wọ́n so nǹkan mọ́ ọn, ó di èyí tí wọ́n ń lò ní mílígíráàmù 300 lójúmọ́. Wọ́n tún yí ohun tí wọ́n so mọ́ ọn padà kó lè jẹ́ pé inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ni yóò ti tú: mílígíráàmù 25 wá tó. Ìyàtọ̀ láàárín 300 àti 25 ni gbogbo ohun tí mò ń sọ láti òkè.

Àjẹsára rẹ̀ ti wà nínú èyí tí wọ́n ń fún ọmọ ọwọ́ ní Nàìjíríà láti 2004. Ẹ̀yin tí a bí ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò, kí ẹ sì gba tiyín.

Agbo tí wọ́n rẹ sínú ògógóró máa ń tètè ṣiṣẹ́. Ṣé kì í ṣe àtúnṣe nìyẹn náà?

Alágbo kò purọ́. Àwọn èròjà tí kì í yòrò nínú omi máa ń yòrò nínú ọtí, nítorí náà agbo ọlọ́tìí lágbára ju olómi lọ lóòótọ́. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọtí yẹn fúnra rẹ̀ wà lára àwọn ohun tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ jù láyé. Fún ẹni tí ẹ̀dọ̀ ń dùn, n kò rí àlàyé kankan tó lè gbà á là.

Bí wọ́n bá ti tún un ṣe, ṣé kò ti di kẹ́míkà?

Kẹ́míkà ló jẹ́ látìgbà tó ti wà lórí igi.

Ṣé oògùn tó ń lọ tààrà sí ẹ̀dọ̀ kò lè pa ẹ̀dọ̀ lára?

Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tó yẹ kí á máa bẹ̀rù gan-an nìyẹn. Nígbà mìíràn, ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń sọ èròjà di májèlé. Parasitámọ̀ tó pọ̀ jù ń pa ẹ̀dọ̀ nítorí ohun tí ẹ̀dọ̀ sọ ọ́ dà. Àwọn ewé kan wà tó ní èròjà tí wọ́n ń pè ní pyrrolizidine alkaloid: kò ṣe nǹkan kan títí yóò fi dé inú ẹ̀dọ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ ti ń yí i padà, òun náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dí àwọn iṣan kéékèèké inú rẹ̀. Ẹni tó bá darí irú èyí sí ẹ̀dọ̀ ti fi ọ̀nà ilé han olè.

Ewu mìíràn lè wà lẹ́yìn òde ẹ̀dọ̀. Glycyrrhizin tó pọ̀ ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó sì ń dín pọtásíọ̀mù kù nínú ara.

Bí ẹ̀dọ̀ bá ti le, tó ti ní àpá, ṣé àdírẹ́sì yìí ṣì ń ṣiṣẹ́?

Kò ṣiṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àpá bá pọ̀, àwọn ihò inú iṣan ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dí, ìkọ́ tó ń gbá galactose mú á dín kù, ẹ̀jẹ̀ kan á sì máa gba ẹ̀yìn ẹ̀dọ̀ kọjá láìwọ inú rẹ̀. Èyí ni kò jẹ́ kí n fẹ́ràn ìròyìn tó bá ti ara eku tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ lánàá jáde: ẹ̀dọ̀ tó ń dùn wá ti ń bàjẹ́ láti ogún ọdún.

Ohun tí àwọn kan ń ṣe ni pé wọ́n fi galactose sílẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì mìíràn wà nínú ẹ̀dọ̀ tó ń kó fítámì A pamọ́, òun náà ló sì ń hun àpá nígbà tí ẹ̀dọ̀ bá fara pa. Wọ́n ń lẹ fítámì A mọ́ hóró oògùn, kí sẹ́ẹ̀lì yẹn lè fọwọ́ ara rẹ̀ gbà á wọlé.

Agbo tí mo rà ní nọ́ńbà NAFDAC. Ṣé ìyẹn fi hàn pé ó ń wo ẹ̀dọ̀?

Ẹ yí ìgò náà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ wínníwínní sí i. Ọ̀pọ̀ oògùn ìbílẹ̀ ló ní gbólóhùn kan níbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe wò. Nọ́ńbà náà ń sọ pé wọ́n mọ̀ pé ó wà, àti ẹni tó ṣe é.

Bàbá mi fi ìwé ewé kan sílẹ̀ fún mi, ewé ẹ̀dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ṣé kí n gbé e lọ fún àwọn onímọ̀?

Ẹ gbé e lọ, ṣùgbọ́n kí ẹ jọ kọ̀wé àdéhùn kí ẹ tó ṣí i. Àdéhùn Nagoya tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní 2010, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014, sọ pé ẹni tó ni ìmọ̀ ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kó sì pín nínú èrè. Ẹni tó bá ní òun kò lè kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má fún un.

Orúkọ ewé kì í tó. Orúkọ kan náà ní Òṣogbo lè jẹ́ igi mìíràn ní Ìjẹ̀bú. Ẹ já ẹ̀ka rẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn kó gbẹ, kí ẹ gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ń tọ́jú ewé gbígbẹ ní Yunifásítì Ifẹ̀ tàbí ní ilé ìwádìí igbó ní Ìbàdàn, wọ́n á sọ ohun tó jẹ́. Kí òdòdó tàbí èso wà lórí ẹ̀ka náà o. Èyí tó jẹ́ ewé nìkan ń fún wọn ní wàhálà.